Ìtẹ́lọ́rùn Kì í Dá Gbé

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, ìwé ìròyìn New Scientist tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìlú Ọba gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ tó wà nídìí ìwádìí tí wọ́n ń pè ní World Values Survey ti ká orílẹ̀-èdè tó lé ní 65, wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá inú wọn dùn tàbí kò dùn, Nàìjíríà ló sì gba ipò kìíní. Orílẹ̀-èdè tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ti gbẹ, tí ìjọba ń jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù, òun ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ pé inú àwọn dùn ju ti ará Amẹ́ríkà àti ará Jámánì lọ. Àwọn kan ní irọ́ ni a pa fún oníbéèrè. Àwọn mìíràn ní ìyà ti mọ́ wa lára débi pé a kò mọ̀ ọ́n ní ìyà mọ́. Nígbà tó ṣe, ìwádìí mìíràn dé, World Happiness Report, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Èyí kò béèrè bóyá inú ẹni dùn. Ohun tó ní kí èèyàn ṣe ni kí ó fọkàn yàwòrán àkàsọ̀ kan, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, kí ó wá sọ ibi tí ayé òun dé lórí rẹ̀. Lórí àkàsọ̀ yìí, Finland ló ń gba ipò kìíní lọ́dọọdún láti 2018 títí dé 2025. Nàìjíríà jìnnà réré sí òkè.

Ìwádìí méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ẹni tó mọ̀ dájú pé orí ipele kẹrin ni òun wà ṣì lè rẹ́rìn-ín àtinúwá lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà lórí ipele kẹjọ lè má rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́. Owó, iná, ọ̀nà tó dán àti ìjọba tó ṣeé gbára lé ló ń gbé èèyàn gun àkàsọ̀. Ohun tó ń mú inú dùn láti òwúrọ̀ di alẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn díẹ̀, èrò tèmi sì ni pé nǹkan náà kò fara sin rárá. Àwọn àṣà kéékèèké tó ń mú wa fojú kan ara wa lójoojúmọ́ ni: kíkíni, jíjókòó ti ara ẹni, jíjẹun pọ̀, fífúnni, dídúpẹ́. Ìwé tó ń kọ́ni ní ìgbé ayé aláyọ̀ pọ̀ lórí àtẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń bá wí. Tètè sùn, máa sáré ní ìdájí, máa mí kanlẹ̀, máa kọ èrò ọkàn rẹ sílẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé wọ́n ń tọ́jú ẹni tó dá wà láì bi í léèrè ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó dá wà.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù lọ wá láti Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí kan lórí àwọn àgbàlagbà, èyí tí wọ́n pè ní Ibadan Study of Ageing. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì bá àwọn ẹni ọdún 65 sókè nínú ilé wọn, àwọn 2,152. Wọ́n béèrè nípa àìsàn, nípa owó, nípa ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe àti ohun tí wọn kò lè ṣe mọ́, nípa ọmọ, ẹbí àti ará àdúgbò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé nínú gbogbo ohun tó lè mú kí ayé rọ àgbàlagbà lọ́rùn, èyí tó lágbára jù, tó sì ń yọjú níbi gbogbo, ni bí ó ṣe ń kópa nínú ohun tí ẹbí àti àdúgbò ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí kíkópa yàtọ̀ sí wíwà láàárín èrò. Bàbá tí wọ́n ń gbé abọ́ oúnjẹ wọlé tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tí kò sẹ́ni tó bi í ní ohun kan títí wọ́n fi wá kó abọ́, kò dá wà lójú ẹni tó ń ka iye orí tó wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n kò sí nínú nǹkan kan. Bàbá kejì tí ẹsẹ̀ ń ro, tí apá rẹ̀ kan kò gbé mọ́, tí wọn kò sì ní pa obì ìpàdé ẹbí láìjẹ́ pé ó ti jókòó, ẹni náà ni ìwádìí yìí ń tọ́ka sí.

Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń bá irú ìwádìí kan bọ̀ láti ọdún 1938. Akẹ́kọ̀ọ́ 268 ní Yunifásítì Harvard ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì wá da ìwádìí mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, tí àwọn tiẹ̀ jẹ́ ọmọdékùnrin 456 láti ilé àwọn tálákà ìlú náà. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ń bi wọ́n nípa iṣẹ́, ìyàwó àti ọ̀rẹ́, títí ọ̀pọ̀ wọn fi dàgbà, tí wọ́n sì kú. Dókítà Robert Waldinger tó ń darí rẹ̀ báyìí sọ pé nígbà tí àwọn èèyàn náà pé ẹni 50 ọdún, bí àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn tó sún mọ́ wọn ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó sọ bí ara wọn yóò ṣe le tó ní ẹni 80 ọdún ju bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti pọ̀ tó lọ. Ọkùnrin òyìnbó nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí, a kò sì lè fi í ṣe ìdájọ́ fún gbogbo ayé. Àmọ́ bí àwọn ọkùnrin Boston àti àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Yorùbá bá ń sọ ohun kan náà, ó yẹ ká tẹ́tí.

Ẹni tó bá ń ronú jinlẹ̀ yóò dá mi dúró níhìn-ín. Yóò ní: ṣé kì í ṣe pé ẹni tí ara rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ sì ti dùn tẹ́lẹ̀, ló ń ráyè jáde lọ bá èèyàn ṣeré? Aláìsàn wo ló ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́? Ìbéèrè gidi ni, kíkà àwọn tó láyọ̀ àti àwọn tí kò ní kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ohun tó lè dáhùn rẹ̀ ni kí a pín èèyàn bí ẹni ṣẹ́ kèké, kí a ní kí apá kan ṣe báyìí, kí apá kejì ṣe báwọ̀nyẹn. Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ṣe é fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Chicago, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n ní kí àwọn kan bá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, kí àwọn kan dákẹ́ jókòó, kí àwọn kan ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ló gbádùn ìrìn náà jù. Ibi tó dùn nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èrò ọkọ̀ mìíràn sọ àsọtẹ́lẹ̀, òdìkejì ni wọ́n sọ: wọ́n ní dídákẹ́ ni yóò dùn jù. Bákan náà ni ti owó. Ní 2008, Elizabeth Dunn, Lara Aknin àti Michael Norton fún àwọn èèyàn ní Vancouver ní dọ́là márùn-ún tàbí ogún ní àárọ̀, pé kí wọ́n ná an tán kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan fún ara wọn, àwọn kan fún ẹlòmíràn. Nígbà tó di alẹ́, inú àwọn tó ná an fún ẹlòmíràn dùn ju ti àwọn yòókù lọ, ìbáà jẹ́ márùn-ún ni wọ́n gbà tàbí ogún. Èèyàn inú ìdánwò yẹn kò ju 46 lọ, èyí kò sì pọ̀. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn rí i pé òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayọ̀ ibẹ̀ kò tóbi tó bí a ti rò. Nítorí náà, àṣà yìí máa ń ṣáájú ayọ̀ nígbà mìíràn. Ohun tó ń dá wa dúró ni pé a máa ń ṣìrò rẹ̀ lódì kí a tó dán an wò.

Àwọn baba wa kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣìrò kankan. Ẹ wo ìdí ayò. Ọpọ́n kan, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Èèyàn méjì ló ń ta á, ṣùgbọ́n ẹ lọ sábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta á ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn tó dúró yí wọn ká ló pọ̀ jù, àwọn ló sì ń pariwo jù. Ẹnì kan ń ka ọmọ ayò sókè fún ẹni tí kò ní kó kà á. Ẹlòmíràn ń pe ẹni tó ń pa ní ọ̀ta, ó ń pe ẹni tí wọ́n ń pa ní ọ̀pè, ẹni tí wọ́n ń bú náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò tíì rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó sanwó ìwọlé. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bínú sí lè wá, ẹni tó jẹ gbèsè lè wá, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè wá dúró láìsọ̀rọ̀, wọn yóò kàn sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Bí bàbá kan kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, ẹnì kan yóò béèrè rẹ̀, wọn yóò rán ọmọdé lọ wò ó. Ohun tí àwọn ìjọba olówó ń fi owó rẹpẹtẹ wá báyìí nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Ìlú Ọba yan mínísítà tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó dá wà. Irú ipò bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní Òṣogbo, àmọ́ àwọn ìyá wa tó lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ ní London, tí ọmọ àti ọkọ rẹ̀ ń jáde láàárọ̀, tí ìyá kò sì mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, kò ní rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹni tí ebi ń pa kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ayò. Àwọn àgbà kò tilẹ̀ fi èyí pamọ́: wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní, wọ́n sì ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn onímọ̀ náà ti bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Daniel Kahneman àti Angus Deaton kọ ọ́ ní 2010 pé ní Amẹ́ríkà, bí owó tó ń wọlé fún èèyàn bá ti tó bí 75,000 dọ́là lọ́dún, àfikún kò tún mú inú ẹni dùn sí i lójoojúmọ́ mọ́. Ní 2021, Matthew Killingsworth ní rárá, ó ń pọ̀ sí i ni. Ohun tó wú mi lórí ni pé Kahneman àti Killingsworth jókòó pọ̀, wọ́n fi Barbara Mellers ṣe onílàjà, wọ́n sì tẹ àbájáde kan jáde ní 2023: fún ọ̀pọ̀ èèyàn, owó ń mú inú dùn sí i, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí inú wọn bàjẹ́ gan-an, tí owó kò lè ṣe nǹkan kan mọ́ fún wọn lẹ́yìn ìwọ̀n kan. Fún tálákà, ọ̀rọ̀ náà kò lábùlà. Ní Kenya, nígbà tí àjọ GiveDirectly fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tálákà láìní kí wọ́n san án padà, Johannes Haushofer àti Jeremy Shapiro rí i pé ìdààmú ọkàn wọn dín kù, inú wọn sì dùn sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ ní ìtẹ́lọ́rùn, ó ń yàn án jẹ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi gbè é lẹ́yìn.

Ìtàn Kenya yẹn ṣì ní apá kan tí kì í sábà délé. Àwọn onímọ̀ náà tún yẹ àwọn ará abúlé tí kò gba nǹkan kan wò. Bí owó ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ aládùúgbò wọn, bẹ́ẹ̀ ni ayé tiwọn ṣe ń sú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó rọlẹ̀ nígbà tó yá. Ní abúlé, ilé márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni èèyàn lè máa wò bẹ́ẹ̀. Fóònù ti wá gbé ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí wa lọ́wọ́, a ń wo mọ́tò tuntun, ìgbéyàwó ní Dubai, ọmọ tó gboyè ní Kánádà, ẹni tó sì gbé e sórí WhatsApp kò ní gbé gbèsè tó jẹ lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń wo aago aláago ṣiṣẹ́ kò ní mọ ìgbà tí tiẹ̀ lù. Àṣà tó ń kojú èyí ni ọpẹ́, mo sì ń sọ nípa ọpẹ́ tí a ń dá lójú ẹni tó ṣe é. Robert Emmons àti Michael McCullough fi hàn ní 2003 pé àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rí ayé wọn ní rere ju àwọn tó ń kọ ohun tó ń bí wọn nínú lọ. Ó dára. Tiwa tún lágbára jù bẹ́ẹ̀: a ń jí ní òwúrọ̀ kejì, a ń gba ẹnu ọ̀nà ẹni tó ṣe wá lóore lọ, a ń sọ pé a dúpẹ́ oore àná. Ẹni tó dúpẹ́ rántí pé òun kò dá nìkan ṣe é, ẹni tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí i pé òun wúlò. Èèyàn méjì ni inú wọn dùn láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àtakò tó le jù kò wá láti ọ̀dọ̀ olówó. Àwọn tí ẹbí ti fi ìbéèrè gbẹ ló ń sọ ọ́: èèyàn gan-an ni ìṣòro mi! Owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, aṣọ ẹbí mẹ́ta lóṣù kan, ìpè òru pé wọ́n ti gbé màmá dé ọsibítù, àna tó ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Mi ò ní jiyàn. Ohun tí àwọn ará Harvard ń wọ̀n pàápàá kì í ṣe iye èèyàn tó yí ẹni ká. Bí àjọṣe náà ṣe tẹ́ni lọ́rùn tó ni, àjọṣe tó kún fún ìjà sì ń pa ara lára. Ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ ń yàn ni kí wọ́n máa sá: wọn kì í gbé ìpè, wọn kì í lọ ilé nígbà ọdún, wọ́n ń kó lọ sí ẹ́sítéètì tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Gbèsè ẹbí kò parí síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ló parí. Ó sàn kí èèyàn kọ́ bí a ṣe ń tètè sọ pé kò sí, kí ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí ó sọ iye tí òun lè mú wá, kí ó sì dúró lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó ṣì wá jókòó jẹun níbi ayẹyẹ náà. Ìnira ẹbí yìí náà ló jẹ́ kí àwọn ojúlùmọ̀ lásán ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ìyá alákàrà, ọlọ́kadà tó ń gbé ọ lójoojúmọ́, ẹni tí ẹ jọ ń ta ayò: wọn kò ní béèrè owó ilé-ìwé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ti ní ìtẹ́lọ́rùn yóò di ọ̀lẹ, ìjọba yóò sì máa fi ọrùn rẹ̀ ṣe àga. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ta ló ń pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí afárá tó wó? Ẹgbẹ́ àdúgbò ni, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni. Ẹni tó dá wà nínú ilé rẹ̀ ń bínú ni, ìbínú rẹ̀ kì í sì í kọjá orí fóònù.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni mo ní láti fi sọ́tọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń mú èèyàn ju oúnjẹ àti orun nù, tó ń mú kó máa ro ikú, àìsàn ni, dókítà ló yẹ kó rí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó lọ máa kí èèyàn. Síbẹ̀, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta ní 1954, kò ti gbogbo àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́ inú ọgbà bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ibòmíràn láyé ìgbà náà. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí kan ń bá kálukú wọn gbé, tí ń dáná fún un, tí ń mú un wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Oògùn wà, abẹ́rẹ́ wà, èèyàn náà wà. Ètò Arò yìí sọ orúkọ Lambo di ńlá káàkiri ayé, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá.

Ẹ̀bẹ̀ mi wà fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù ní Àkúrẹ́, ní Ìkòròdú, ní Ìlọrin. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tiransífọ́mà àti owó ọlọ́dẹ tán, ẹ wá ibì kan tí igi ṣì wà nínú àdúgbò yín. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì mẹ́ta síbẹ̀ àti ọpọ́n ayò kan, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyá tó ń sun àgbàdo. Bí ẹnì kan bá ní kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ náà, ẹ má gbà fún un, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi géètì tì í.